Wòlíì ní kí n sanwó kí n tó mọ orúkọ áńgẹ́lì olùṣọ́ ọmọ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáAyọ̀_Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti parí yunifásítì, ìwé àgùnbánirọ̀ rẹ̀ sì ti jáde. Adamawa ni wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni oorun ò ti kun ojú mi mọ́. Ẹni tó bá mọ bí Òṣogbo ṣe jìnnà sí Yola tó, tó sì mọ ohun tí à ń gbọ́ nípa ọ̀nà lásìkò yìí, kò ní sọ pé mo ń ṣàṣejù.

Aládùúgbò mi kan ló mú mi lọ sí ilé àdúrà kan. Wòlíì ibẹ̀ gbàdúrà, ó ríran, ó ní áńgẹ́lì olùṣọ́ ọmọ náà ti sùn lọ, àfi kí wọ́n jí i kó tó wọ ọkọ̀. Ó ka ohun tí mo máa mú wá: àbẹ́là méje, aṣọ funfun, lọ́fínńdà, àti owó kan tó ju owó oṣù mi lọ. Ó ní tí mo bá san án tán, òun á sọ orúkọ áńgẹ́lì náà fún mi, kí ọmọ máa fi pè é lójú ọ̀nà.

Àgùdà lọkọ mi, ó ní irọ́ pátápátá ni. Inú Kérúbù ni wọ́n bí èmi sí, mo mọ̀ pé ìran wà, mi ò lè fọwọ́ rọ́ gbogbo rẹ̀ tì bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wòlíì fún mi, èébú kọ́ ni mo wá gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé lóòótọ́ ni oníkálukú ní áńgẹ́lì tirẹ̀? Ṣé ó lórúkọ tá a lè máa pè? Kí sì ni obìnrin bíi tèmi lè máa ṣe lójoojúmọ́ tí kò ní gba owó oṣù lọ́wọ́ mi?

Kátíkísìtì_Ọ̀yọ́

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú àníyàn ọmọ. Á lọ ire, á bọ̀ ire.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ orúkọ ṣáájú, torí ibẹ̀ ni owó wà. Áńgẹ́lì mẹ́ta péré ni àwa Àgùdà ń dárúkọ: Máíkẹ́lì, Gébúrẹ́lì àti Ráfáẹ́lì. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tòní. Lọ́dún 745, Póòpù Zachary pe àpérò kan ní Róòmù nítorí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aldebert, tó ń rin ìgboro kiri ní ilẹ̀ àwọn Franks ní Yúróòpù. Ó ní áńgẹ́lì ló ń gbé ohun mímọ́ wá fún òun láti òpin ayé, ó sì kọ àdúrà kan tó fi orúkọ áńgẹ́lì jánà rẹrẹ. Èékánná àti irun orí ara rẹ̀ ló ń pín fáwọn èèyàn kí wọ́n fi ṣe ohun ìbùkún. (Ẹ rí i pé òwò yìí ti pẹ́ láyé.) Àpérò náà ní, yàtọ̀ sí Máíkẹ́lì, àwọn ò mọ ẹnì kankan nínú àwọn orúkọ tó kó jọ yẹn. Lọ́dún 2001, Róòmù tún tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé ìtọ́ni lórí ìfọkànsìn àwọn ọmọ ìjọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fún áńgẹ́lì lórúkọ, àfi àwọn mẹ́ta tí Ìwé Mímọ́ dárúkọ.

Ní ti pé ṣé oníkálukú ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Jésù fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ọmọdé, torí áńgẹ́lì wọn ń wo ojú Baba òun nígbà gbogbo (Mátíù 18:10). Basil Mímọ́, tó ti kú láti ọdún 379, kọ́ni pé áńgẹ́lì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan bí olùṣọ́ àti olùṣọ́-àgùntàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé èèyàn títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ni ìjọ fi gbà pé ó ń bá a rìn. Áńgẹ́lì ò sì lára tí àárẹ̀ fi lè mú un. Èwo ni ti pé ó sùn?

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí áńgẹ́lì ṣe ń sin ọmọ lọ sí ìrìn-àjò, ẹ ka ìwé Tóbítì. Bàbá kan tó fọ́jú fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ gba owó ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì wá ẹni tó mọ̀nà tí yóò bá a lọ. Ráfáẹ́lì ló wá, ṣùgbọ́n Asaráyà ló pe ara rẹ̀. Dírákímà kan lójúmọ́ ni wọ́n bá a dá owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lọ, ẹja ńlá fẹ́ gbé ọmọ lódò, áńgẹ́lì ní kó mú ẹja náà; òróòro ẹja ọ̀hún ni wọ́n fi la ojú bàbá nígbà tí wọ́n padà délé. Ajá ọmọ náà pàápàá bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n ní kó mú ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n kó bọ̀, ìgbà yẹn ló tó sọ ẹni tí òun jẹ́. Kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ni kí wọ́n yìn.

Ìyá Ayọ̀, Tòbíásì, ọmọ tí wọ́n rán yẹn, ò mọ orúkọ áńgẹ́lì rẹ̀ lálọ àti lábọ̀. Kò dí ìṣọ́ náà lọ́wọ́.

Bọ́lá_mi_Ìbàdàn

Owó tó ju owó oṣù lọ! Áńgẹ́lì tí wọ́n bá fowó jí, kí ni yóò ṣe tí owó bá tán?

ỌmọSéráfù

Ẹ̀gbọ́n Kátíkísìtì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa aláṣọ funfun là ń ta áńgẹ́lì o. Ọwọ́ áńgẹ́lì ni ìjọ wa ti ṣẹ̀, ẹ̀yin Àgùdà sì wà níbẹ̀!

Oṣù kẹfà ọdún 1925 ni, ní Èkó. Ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, jáde lọ wo àwọn Àgùdà níbi tí wọ́n ti ń tò lọ lọ́dún Ara Mímọ́ Kristi. Ìtàn tá a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ó rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n fi gbé Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́ kọjá, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀lé e délé. Ló bá wọ ojú ìran. Ó ń sọ̀rọ̀, kò jí, ilé dàrú. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé Túnọlàṣe, bàbá aládùúrà tó ti Ìkàrẹ́ Àkókó wá, tó ti ń wàásù ní Èkó láti ọdún tó ṣáájú. Ó gbàdúrà fún un, ọmọ sì dìde. Àwọn èèyàn tó ń wọ́ wá gbọ́ ohun tó rí ló di ẹgbẹ́ aládùúrà. Séráfù la kọ́kọ́ ń jẹ́, Kérúbù kún un lẹ́yìn náà, Máíkẹ́lì Mímọ́ la sì gbà ní balógun títí dòní.

Ìyá Ayọ̀, inú ìtàn yìí ni wọ́n bí yín sí. Ẹ wò ó dáadáa. Áńgẹ́lì ló wá ọmọ wá. Ẹbí Akínṣọ̀wọ́n ò san kọ́bọ̀ kó tó fara hàn. Ní ìjọ tí mo wà, bí aríran bá ríran, iwájú àwọn alàgbà ni yóò ti sọ ọ́, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, a óò sì gbàdúrà sí i. Aríran tó bá dá ọ̀rọ̀ dúró lágbede méjì nítorí owó, wọ́n á pè é sẹ́yìn.

Àbẹ́là ò burú. Ìmọ́lẹ̀ tá a fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni. Ẹ ra ẹyọ kan lọ́jà fúnra yín, ẹ tàn án lójú àdúrà yín, ẹ ka Sáàmù 91 àti 121 lé ọmọ lórí. Ìyẹn náà ni ìyá yín ì bá ṣe.

Àjàṣẹ́Ilé

Ẹ má yọ àwa Sẹ̀lẹ́ kúrò níbẹ̀ o! Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ni ìjọ tiwa bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́wọ́ Samuel Bilehou Oshoffa, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọdún Máíkẹ́lì Mímọ́. Tá a bá kúnlẹ̀, Jèhófà, Jésù Kristi, Máíkẹ́lì Mímọ́ là ń pè, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹta. Ẹ̀gbọ́n Kátíkísìtì, Úríẹ́lì tí ẹ yọ sílẹ̀ yẹn, a ṣì ń pè é. Ó wà nínú ìwé Ẹ́sírà Kejì.

Kátíkísìtì_Ọ̀yọ́

Ìwé yẹn ò sí nínú Bíbélì tiwa, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò gbowó orí Úríẹ́lì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà a ò níjà.

Àlùfáà_Ìsẹ́yìn

Às-sàláámù àlékùm. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí náà, mo sì rò pé yóò ran ìyá wa lọ́wọ́.

Àlùkùránì sọ ọ́ nínú Súúrà Ra'd, áyà 11, pé àwọn olùṣọ́ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn wà níwájú èèyàn àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ nípa àṣẹ Ọlọ́hun. Ànábì sì sọ fún wa pé màláíkà tòru àti ti ọ̀sán máa ń pàdé lásìkò ìrun Àsùbáà àti Alásárì. Àwọn mìíràn tún wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àkọsílẹ̀, Súúrà Infitár sọ nípa wọn: àwọn ọlọ́lá tó ń kọ̀wé, tí wọ́n mọ ohun tí à ń ṣe. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ wa sọ pé tá a bá ń sálámà sọ́tùn-ún sósì níparí ìrun, àwọn ni à ń kí. Ẹ rò ó wò: ìgbà márùn-ún lójoojúmọ́ ni Mùsùlùmí ń kí màláíkà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì bèèrè orúkọ wọn rí.

Ní ti ohun tí ẹ lè máa ṣe lálẹ́, ìtàn kan wà tí Bùhárí, onímọ̀ tó kó àwọn ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, gbà wá. Ànábì fi Àbú Húráírà, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, ṣọ́ oúnjẹ sàkà. Ẹnì kan wá ń bù nínú rẹ̀ lóru, ó mú un, onítọ̀hún bẹ̀bẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ó padà wá. Nígbà kẹta, ó ní, "Jẹ́ kí n lọ, màá kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe ọ́ láǹfààní: tó o bá fẹ́ sùn, ka Áyátúl-Kúrísíyù, olùṣọ́ kan láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun yóò wà pẹ̀lú rẹ, èṣù kò sì ní sún mọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́." Nígbà tí Àbú Húráírà sọ ọ́, Ànábì ní òótọ́ lẹni yẹn sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpùrọ́ ni. Èṣù fúnra rẹ̀ ni. Olè ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń lé olè!

Áyà 255 nínú Súúrà Bákárà ni Áyátúl-Kúrísíyù, ọ̀fẹ́ sì ni o.

Awo_Ìlobùú

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kí àwa oníṣẹ̀ṣe náà fi tiwa sí i.

Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òòṣà pé ta ló tó Alásàn-án bá ròkun, èwo nínú wọn ló lè bá olùfẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò òkun tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó o. Wọ́n ní bó bá rìn títí tó dé Kòso ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ro ọkà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n fi orógbó àti àkùkọ kan lé e? Ó ní bí òun bá yó tán, òun á padà sílé òun. Wọ́n ní kò tó Alásàn-án bá ròkun. Ọya ní òun tó o, títí wọ́n fi kan Ìrá. Ògún ní òun tó o, títí wọ́n fi kan Ìrè, pẹ̀lú ẹ̀wà ẹ̀yan. Gbogbo wọn ni oúnjẹ ilé dá padà, Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ náà. Orí nìkan ló lè bá èèyàn lọ tí kò ní yà síbì kan. *Kò sóòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni.*

Mi ò sọ pé Orí ni áńgẹ́lì. Ohun tí kálukú gbà gbọ́ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìyá tó ń gbọ́wọ́ lé orí ọmọ láàárọ̀ kó tó jáde, tó ń wí pé kí ẹlẹ́dàá rẹ̀ má sùn. Onígbàgbọ́ ń ṣe é, Mùsùlùmí ń ṣe é. Ìyá Ayọ̀, boyá inú àdúrà yẹn ni wòlíì yín ti yọ ọ̀rọ̀ oorun tó ń tà fún yín.

ÌyáAyọ̀_Òṣogbo

Hà! Bàbá Awo, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò jẹ́ jáde láìwí i.

Arábìnrin_Dúpẹ́

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń ka èyí. Kí ló dé tá a fi ń bá áńgẹ́lì sọ̀rọ̀? Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ará Kólósè nípa ìsìn áńgẹ́lì. Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì ní rárá, ìránṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ ni mí, Ọlọ́run ni kó o sìn. Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ Ìyá Ayọ̀ jù ni ti Mánóà, bàbá Sámúsìnì, nínú Àwọn Onídàájọ́ 13. Ó bèèrè orúkọ lọ́wọ́ áńgẹ́lì Olúwa, áńgẹ́lì sì bi í pé kí ló ń béèrè orúkọ òun sí, pé ìyanu ni. Bí áńgẹ́lì ò bá sọ ọ́ fún Mánóà tó dúró níwájú rẹ̀, wòlíì wo ló wá gbọ́ ọ? Kí èṣù sì máa pa ara rẹ̀ dà bí áńgẹ́lì ìmọ́lẹ̀, Bíbélì ti sọ ọ́. Ẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tààrà, kó fi èyí tó wù ú rán.

Kátíkísìtì_Ọ̀yọ́

Arábìnrin Dúpẹ́, ti Mánóà yẹn dára gan-an, màá mú un lọ sí kíláàsì mi. Lórí ìsìn, ohùn wa ṣọ̀kan: Ọlọ́run nìkan là ń sìn. Ṣùgbọ́n kí n sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" fún ẹni tí Ọlọ́run fi tì mí, èmi ò rí ìbọ̀rìṣà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà, a ó sì jọ máa wà bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin_Dúpẹ́

Mi ò gbà, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbá mi dànù.

Tèmi_Nìkan

Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kọ èyí. Àbúrò mi ọkùnrin kú lójú ọ̀nà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Òun ló máa ń jí wa ní ilé wa fún àdúrà òwúrọ̀. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í ka Sáàmù 91, ó ti há a lórí: *Nítorí tí yóò fi àṣẹ fún àwọn áńgẹ́lì rẹ̀ nítorí rẹ, láti pa ọ́ mọ́ ní ọ̀nà rẹ gbogbo.* Ó kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo bá rí i tí ẹ ń sọ pé áńgẹ́lì kì í sùn, mo fẹ́ béèrè pé níbo ni tirẹ̀ wà? Ẹ má sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tó. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún màmá wa níbi ìsìnkú.

Bọ́lá_mi_Ìbàdàn

Áà. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún màmá yín níbi ìsìnkú ò ṣe dáadáa rárá.

Nọ́ọ̀sì_Adé

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á tu màmá wa nínú. Wọ́ọ̀dù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yín yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Mi ò ní ìdáhùn rẹ̀. Màá kàn sọ ohun tí mo máa ń dì mú.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìlá. Gbogbo wa la mọ ìtàn Pétérù níbẹ̀: ó wà nínú ẹ̀wọ̀n, áńgẹ́lì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jí, ẹ̀wọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn irin ṣí fúnra rẹ̀. Tó bá dọjọ́ ẹ̀rí, òun là ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹsẹ kejì orí náà. Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù, arákùnrin Jòhánù. Hẹ́rọ́dù kan náà ni, ìjọ kan náà, àpọ́sítélì làwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ gun òkè pẹ̀lú Jésù. Bíbélì ò sọ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù kéré. Kò tilẹ̀ ṣàlàyé kankan. Ó sọ pé wọ́n pa á, ó sì ń bá ìtàn lọ. Mo rò pé ìyá Jákọ́bù gbọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ̀ lórí Pétérù.

Ní Gẹ́tísémánì náà, áńgẹ́lì wá, Lúùkù sọ ọ́. Ó wá fún Jésù lókun. Kò gbé ago náà kúrò. Lásárù tálákà tí ajá ń lá egbò rẹ̀, kò sí áńgẹ́lì tó gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀ nínú ìtàn tí Jésù sọ fún wa. Ìgbà tó kú ni àwọn áńgẹ́lì gbé e. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé áńgẹ́lì fi àbúrò yín sílẹ̀, ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Èmi gbà pé ẹni tó bá a jí láàárọ̀ yẹn ló bá a dé ibi tó dé. Mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún yín, mi ò sì ní bá yín jiyàn tí ẹ bá ní kò tó. Kò tó lóòótọ́.

Àlùfáà_Ìsẹ́yìn

Ọlọ́hun á fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Nínú Àlùkùránì náà, Súúrà An'ám, áyà 61: Ọlọ́hun ń rán àwọn olùṣọ́ sí yín títí ikú yóò fi dé bá ọ̀kan nínú yín. Ìṣọ́ náà ní òpin tí Ọlọ́hun fi sí i. Kì í ṣe pé olùṣọ́ jáwọ́.

Tèmi_Nìkan

Mo dúpẹ́. Ti Jákọ́bù yẹn, mi ò kíyè sí i rí. Màá kà á fún màmá wa.

Dẹ́rẹ́bà_Abẹ́òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Dẹ́rẹ́bà lèmi, iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn láti ìgbà èwe, ó sì ti tó kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fún Ìyá Ayọ̀.

Ẹsẹ Sáàmù 91 tí wọ́n kọ lókè yẹn, ẹ mọ ẹni tó tún ka á? Èṣù ni. Ó gbé Jésù sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní bẹ́ sílẹ̀, ṣé áńgẹ́lì á gbé ọ. Jésù ní ìwọ kò gbọdọ̀ dán Olúwa wò. Ẹ wá wo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ "Áńgẹ́lì ló ń wà á" sẹ́yìn, tí táyà wọn ti dán bíi pátákó! Bíbẹ́ sílẹ̀ lórí tẹ́ńpìlì ni. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà o, èmi náà kì í tan ọkọ̀ láìgbàdúrà.

Kí ọmọ má rin òru. Kò gbọdọ̀ rin òru rárá. Ọ̀nà yẹn jìn, kó pín in sí méjì, kó sùn ní Àbújá tàbí Jos lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀, kó tún gbéra tí ilẹ̀ bá mọ́. Kó wọkọ̀ nínú gáréèjì, kó má ṣe dúró létí títì da ọkọ̀ dúró. Kó ya nọ́ńbà ọkọ̀ fi ránṣẹ́ sí yín kó tó jókòó. Kó di bẹ́líìtì. Tí dẹ́rẹ́bà bá ń sáré jù, kó pariwo, kó má tijú, àwọn èrò yòókù á dá sí i. Tí agbára yín bá gbé owó bàálù, ẹ fi owó wòlíì yẹn kún un, pápákọ̀ òfurufú wà ní Yola.

ÌyáAyọ̀_Òṣogbo

Dẹ́rẹ́bà wa, ẹ̀yin gan-an ni áńgẹ́lì mi lónìí. Mi ò tilẹ̀ ronú kan owó bàálù.

Pẹ̀lú_mi_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó bèèrè kẹ́yìn, ohun ojoojúmọ́. Níbí tí mo wà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, inú bọ́ọ̀sì òru ni àdúrà mi ti ń wáyé. Kì í gùn. Tí mo bá jókòó, màá ní, "Olúwa, o ṣeun fún ẹni tó o fi tì mí, jẹ́ kí n gbọ́ nígbà tó bá kìlọ̀." Mo ti kíyè sí i pé ìgbà tí ọkàn mi bá ń sọ fún mi pé má gba ibẹ̀, mo máa ń yà. Bóyá áńgẹ́lì ni, bóyá làákàyè mi ni, ta ló mọ̀? Àbí làákàyè kì í ṣe ẹ̀bùn Ọlọ́run náà ni? Ohun tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé èyí tó bá ní kí n kórìíra ẹnì kan, tàbí tó ní àbúrò ìyá mi ló ń ṣe mí, mi ò gbà á.

Kátíkísìtì_Ọ̀yọ́

Òótọ́ ni. Àdúrà àwọn ọmọdé wa kò ju gbólóhùn kan lọ. Ohun mẹ́rin ló ń tọrọ lọ́wọ́ áńgẹ́lì: kó tan ìmọ́lẹ̀ sí mi, kó ṣọ́ mi, kó ṣàkóso mi, kó tọ́ mi sọ́nà. Kódà ọmọ ọdún mẹ́ta lè há a sórí. A tún ní ọjọ́ wọn, ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, tí Póòpù Clement Kẹwàá sọ di ti gbogbo ìjọ ní 1670. Ọjọ́ kejì òmìnira Nàìjíríà ló máa ń bọ́ sí, kì í ṣòro láti rántí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún sọ pé lọ́dọ̀ Póòpù Pius Kọkànlá ni òun ti kọ́ ọ: bí òun bá fẹ́ bá ẹni tó le sọ̀rọ̀, òun á kọ́kọ́ bẹ áńgẹ́lì òun pé kó lọ bá áńgẹ́lì onítọ̀hún sọ̀rọ̀, kí ọ̀nà lè rọ̀ kí àwọn tó pàdé. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ kí ẹ tó lọ bá ìyá ọkọ, tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ rọ tiwọn, á rọ ẹnu tiyín kí ẹ tó débẹ̀. (Arábìnrin Dúpẹ́, mo mọ̀, mo mọ̀.)

Arábìnrin_Dúpẹ́

Mo ń wò yín o, sà.

ÌyáAyọ̀_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ ọmọ tiyín. Mo pe wòlíì náà, mo ní owó ò sí. Ó ní áńgẹ́lì ti ń jí díẹ̀díẹ̀ láti inú àdúrà tòun, pé ṣùgbọ́n ó lè tún sùn tí mo bá fi falẹ̀. Ẹ̀rín ló pa mí, mo sì ní ẹ ṣeun, sà. Àbẹ́là kan ni mo rà. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà papọ̀ lálẹ́, Sáàmù tèmi, àdúrà áńgẹ́lì tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń já ẹnì kejì sí àárín. A ti ń wo owó bàálù. Ayọ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fi fọ́tò òun sórí ìkànnì kankan láti fi bẹ àdúrà.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo wá ìwé Tóbítì nínú Bíbélì mi, mi ò rí i. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìṣípayá.

Kátíkísìtì_Ọ̀yọ́

Kò sí nínú Bíbélì tí ẹ̀yin ará Kérúbù ń lò, mà. Ẹ wò ó nínú tọkọ yín, lẹ́yìn Nehemáyà ló wà, ṣáájú Júdíìtì. Orí mẹ́rìnlá péré ni, ẹ lè kà á tán lálẹ́ kan. Ti ìrìn-àjò náà bẹ̀rẹ̀ ní orí karùn-ún.